Ta Lò Ń Bá Ta?

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìbéèrè kan ti há sí mi lọ́nà ọ̀fun bí eegun ẹja. Kò lọ sísàlẹ̀, kò wá sókè. Bàámi ló bi mí. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá díẹ̀, wọ́n ń gba pálọ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, bútà àlùwàlá wà lọ́wọ́ wọn. Èmi jókòó sórí àga, kọ̀ǹpútà wà lórí itan mi, páàdì wà lọ́wọ́ mi, ojú mi ò kúrò níbi tó wà. Wọ́n dúró. Wọ́n wo inú kọ̀ǹpútà, wọ́n wo ojú mi, wọ́n tún padà wo inú kọ̀ǹpútà.

“Ta lò ń bá ta?”

“Kò sẹ́nì kankan, bàámi. Èmi nìkan ni.”

“Ìwọ nìkan.” Wọ́n gbé bútà bọ́ sí ọwọ́ kejì. “Tó o bá wá pa, ta lo pa? Tí wọ́n bá sì pa ọ́, ta ló máa fi ọ́ ṣẹ̀sín?”

Wọn ò dúró gbọ́ èsì. Ìṣáì ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ọdún ti ń kógbá sílé ni mo ti ń to àwọn géèmù tí mo gbá nínú ọdún náà, láti èyí tó jókòó sísàlẹ̀ pátápátá dé èyí tó gba ipò kìíní. Ọdọọdún ni mo máa ń ṣe é fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, ọdọọdún ni wọ́n sì máa ń bú mi. Mo ní òṣùwọ̀n tèmi: wákàtí tí mo lò nídìí ẹ̀, bóyá mo parí ẹ̀, bóyá ó wù mí kí n tún un bẹ̀rẹ̀, àti iye dátà tó jẹ. Mo ti kọ ọ́ tán, kìíní dé ìkẹfà, kí bàámi tó gba pálọ̀ kọjá. Ìgbà tí mo tún un kà lọ́jọ́ kejì, ó ń ka bí ìwé ìṣirò oníṣòwò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi láàárín ọdún ò sí níbẹ̀.

Ẹ má sì rò pé àgbàlagbà tí kò mọ eré ni bàámi. Ọ̀ta ayò ni wọ́n. Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa, lápá Ọjà Ìgbò ní Ògbómọ̀ṣọ́, làwọn àti Bàbá Káfíńtà ti ń ta ayò kí wọ́n tó bí mi. Ilé méjìlá, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Kò gbé iná, kò jẹ dátà, ariwo rẹ̀ sì máa ń dé òdìkejì títì: “Òpè! Ẹ wá wo òpè!” Àwa là ń sọ pé à ń gbá géèmù. Bàámi ò mọ gbígbá; títa ni wọ́n mọ̀, béèyàn bá sì ń ta, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń bá ta.

## Èyí tí mo máa yára kọjá lára ẹ̀

Géèmù bọ́ọ̀lù kan wà lórí fóònù mi tí mi ò ní dárúkọ. Òun ló gba ìkẹfà, ẹni tó gbẹ̀yìn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é, àmọ́ tó o bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ dáa, o ní láti máa ra páálí tí o ò mọ agbábọ́ọ̀lù tó wà nínú ẹ̀ títí o fi máa ṣí i. Kàlòkàlò ni wọ́n wọ̀ ní jẹ́sì. Mo náwó lé e lẹ́ẹ̀kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà. Ẹni tó jáde sí mi, tó bá sáré dé àárín pápá, á dúró mí.

Lóòótọ́ o, ẹnì kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Èèyàn gidi là ń bá gbá lórí ẹ̀. Ó lè wà ní Kánò, ó lè wà ní Bùràsílì. Ṣùgbọ́n tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, èmi ni wọ́n máa kọ pé mo sá. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Lórí èyí, kò sójú, kò sọ́rọ̀.

Tetris, géèmù tí búlọ́ọ̀kù ti ń já bọ́ látòkè, tí wàá máa tò wọ́n kí wọ́n má bàa kún dókè, ni ìkarùn-ún, ẹ má bínú. Èmi náà fẹ́ràn ẹ̀. Iṣẹ́ mi ni títún kọ̀ǹpútà ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Under G, kò jìnnà sí géètì yunifásítì LAUTECH, tí mo bá sì ń fi Windows sórí kọ̀ǹpútà oníbàárà, ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n yẹn, Tetris ni mo máa ń fi lò ó. Alexey Pajitnov ló ṣe é ní Moscow lọ́dún 1984, lórí ẹ̀rọ tí kò lè ya àwòrán kankan. Àmì àkámọ́ tó wà lára bọ́tìnnì ìtẹ̀wé ló fi to búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Àmì àkámọ́! Mo máa ń rántí ìyẹn tí oníbàárà bá ń kérora pé kọ̀ǹpútà òun ti gbó.

Ìbéèrè bàámi ló bà á jẹ́ fún mi. Nínú Tetris, kò sẹ́ni tó máa ń pa. Ọjọ́ tí wọ́n máa pa ọ́ lò ń sún síwájú. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 13 kan ní Amẹ́ríkà gbìyànjú ní oṣù Kejìlá ọdún 2023: ó gbá ti orí Nintendo àtijọ́ dé ìpele 157, ẹ̀rọ náà sì dákú mọ́ ọn lọ́wọ́, torí pé ohun tí wọ́n kọ sínú ẹ̀ ní 1989 ò lè gbé e débẹ̀. Ọdún 34 ni géèmù náà ti wà kí ọmọ èèyàn tó gbá a dé ibi tó ti kú. Inú mi dùn fọ́mọ náà gan-an. Ṣùgbọ́n Tetris fúnra ẹ̀ ò mọ̀ pé ọmọ náà wà níbẹ̀.

## Wọ́n fi “ẹ” bú mi

Ilé iṣẹ́ EA tó ni géèmù bọ́ọ̀lù FIFA ti yí orúkọ ẹ̀ padà sí EA Sports FC láti 2023, nígbà tí àdéhùn àárín EA àti àjọ FIFA parí. Ẹ lọ sí ilé géèmù tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi, kẹ́ ẹ béèrè “FC”, wọ́n á bi yín bóyá aṣọ lẹ̀ ń wá. FIFA ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ Konami sọ géèmù bọ́ọ̀lù tiwọn, PES, di eFootball ní 2021, tí àwọn ẹgbẹ́ mi sì ń pè é ní Winning Eleven títí dòní. Orúkọ ń yí, àwa ò yí.

Tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin ló wà níbẹ̀, bẹ́ǹṣì onípákó mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ kan tó ń kọ́ lẹ́yìn ilé bí ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe. Òfin ibẹ̀ ò gùn: ẹni tí wọ́n bá pa á gbé páàdì sílẹ̀, á sì san owó ẹni méjèèjì. Mo máa ń yà síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ kí n tó lọ sílé. Mo pe ara mi ní ọ̀gá níbẹ̀ títí di oṣù Kẹwàá, nígbà tí ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ jókòó tì mí. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Ó ṣì fi téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọrùn. Ó fi márùn-ún sódo lù mí. Nígbà tí ìkẹta wọlé, ó yí ojú sí mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ rọra di páàdì yẹn mú, kò ṣẹ̀ yín.”

Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bínú, mi ò ríbi bínú sí, torí “ẹ” ló fi bú mi. Kò yájú, kò gbójú sókè, ó kàn gbé mi ṣubú tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo san owó, mo padà wá lọ́jọ́ kejì, ó tún lù mí. Láti ìgbà náà, mo mọ ọjọ́ tí ọ̀gá ẹ̀ ń fún un láyè, mo sì mọ̀ pé ó máa ń sáré lọ sí apá òsì kó tó gbá a padà sáàárín. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò tíì rí i dí.

Mo mọ ohun tí àwọn òbí ń sọ nípa ilé géèmù. Apá púpọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ òótọ́: owó ìwé ń bá ibẹ̀ lọ, àwọn kan sì ń fi ta tẹ́tẹ́. Mi ò ní gbèjà ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo bẹ àwọn tó ń fi ayò yangàn pé àṣà wa ni, tí wọ́n sì ń fi ilé géèmù bú ọmọ wọn, kí wọ́n lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí wọ́n dijú, kí wọ́n fetí sílẹ̀. Ariwo abẹ́ igi máńgòrò ni.

Nínú ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ, ìkẹrin ni mo fi èyí sí. Wákàtí rẹ̀ ò pọ̀.

## Oko àlùjánnà

Stardew Valley ni mo fi sí ipò kìíní, torí pé ó dín díẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún wákàtí tí mo lò nídìí ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n: bàbá àgbà fi oko sílẹ̀ fún ọ, o fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, o lọ ń ro oko. Bó o bá pẹ́ níta kọjá aago méjì òru, o máa dákú, wọ́n á sì yọ owó nínú àpò rẹ. Ìyẹn nìkan ló jọ ìlú tí mo mọ̀.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìbéèrè yẹn, bàámi tún dúró tì mí. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n jókòó.

“Kí lò ń gbìn?”

“Parsnip ni wọ́n ń pè é. Ó jọ kárọ́ọ̀tì funfun.”

“Ọjọ́ mélòó ló fi ń jinná?”

“Mẹ́rin.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ fìlà. Bàámi ní oko kajú lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń wo igi kó tó so àkọ́so. “Ṣé màlúù kì í wọ inú ẹ̀?” Mo ní rárá, ẹyẹ nìkan ló máa ń jẹ ẹ́, mo sì ti ri igi tí mo wọ̀ láṣọ mọ́lẹ̀ láti fi lé wọn. “Ẹyẹ nìkan! Oko àlùjánnà nìyẹn.”

Mo wá fẹ́ gbèjà ara mi. Mo sọ fún wọn pé ẹnì kan ṣoṣo, Eric Barone, ló ṣe gbogbo ẹ̀. Ó jókòó tì í fún ohun tó ju ọdún mẹ́rin lọ kó tó gbé e jáde ní oṣù Kejì ọdún 2016. Òun ló ya àwòrán, òun ló ṣe orin, òun ló kọ kóòdù, òun ló kọ ohun tí gbogbo ará abúlé ń sọ.

“Òun nìkan?”

“Òun nìkan.”

Wọ́n wo ọmọ kékeré tó ń bomi rin ewébẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀. “Á jẹ́ pé òun náà ò rẹ́ni bá ta.”

Wọ́n dìde lọ. Ohun tí mo retí ni pé kí wọ́n ní òun ni mò ń bá ta. Mo ti múra láti gbà á bẹ́ẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán lọ́kàn mi. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀.

God of War ti 2018 ń kọ́? Oníbàárà kan gbé kọ̀ǹpútà ńlá kan wá, ó ní ó ń gbóná, kí n dán an wò dáadáa. Mo dán an wò dáadáa fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kratos àti ọmọ rẹ̀ gbé eérú ìyá ọmọ náà lọ sórí òkè tó ga jù, bàbá kì í sì í sábà pe ọmọ lórúkọ, “ọmọ” ló kàn máa ń pè é. Ó ń ju àáké, àáké ń fò padà sí i lọ́wọ́. Èmi tí mo dàgbà nílẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí Ṣàngó ti jẹ Aláàfin, kò yẹ kó yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n igba ìgbà ni mo ju àáké náà láìsí ọ̀tá kankan, kí n ṣáà lè rí i kó padà. Géèmù tó dáa ni. Oníbàárà ti wá gbé ẹrù ẹ̀.

## Àtàǹpàkò òsì

Ẹ̀yin tó ń gbèrò láti gbá Brothers: A Tale of Two Sons, ẹ fo apá yìí, torí mo máa sọ òpin ẹ̀.

Ilé iṣẹ́ kan ní Sweden, Starbreeze, ló ṣe é ní 2013. Josef Fares ló darí ẹ̀. Kò gùn, wákàtí mẹ́ta péré ni mo lò. Bàbá kan ń ṣàìsàn, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì lọ wá omi ìwòsàn fún un. Èdè tí wọ́n ń sọ kò sí lórí ilẹ̀ ayé, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan nísàlẹ̀ tó ń túmọ̀ ẹ̀. Ohun tó mú kó yàtọ̀ ni ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n wà lábẹ́ àtàǹpàkò òsì rẹ, àbúrò wà lábẹ́ ti ọ̀tún, ìwọ kan ṣoṣo lò ń darí àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ni mí lára níbẹ̀rẹ̀. Bí ẹni ń fi ọwọ́ kan gúnyán tó ń fi ọwọ́ kejì rokà. Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n lọ sókè, àbúrò á lọ forí gbá ògiri. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí kan, ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n, mi ò rò ó mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ń wẹ òsì, òsì ń wẹ ọ̀tún.

Omi ló gba ìyá wọn lẹ́mìí, lójú àbúrò yìí. Látìgbà náà, kò jẹ́ wọ inú omi. Tí wọ́n bá dé odò, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n ló máa ń gùn, ẹ̀gbọ́n á sì lúwẹ̀ẹ́ gbé e kọjá.

Nítòsí òpin, ẹ̀gbọ́n kú. Wọ́n mú kí n sin ín fúnra mi. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún wọ́ ọ dé inú kòtò, mo fi ọwọ́ ọ̀tún wa yẹ̀pẹ̀ bò ó, láti ẹ̀gbẹ́ kan, láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Àtàǹpàkò òsì mi wà lórí páàdì, kò rí nǹkan ṣe. Mo máa ń tì í síwájú láìmọ̀, bí ẹni fẹ́ kí ìkejì tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e.

Àbúrò gbé omi ìwòsàn, ó ń lọ sílé nínú òjò, ó dé etí odò. Odò yìí ni wọ́n jọ kọjá nígbà tí wọ́n ń lọ. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún tì í wọnú omi, ó fà sẹ́yìn, ó ń sunkún. Mo tún tì í. Ó tún fà sẹ́yìn. Mo wá ọ̀nà mìíràn ká etí odò, kò sí. Ọjọ́ Àìkú ni, iná ti lọ láti ọjọ́ Jímọ̀, bátìrì kọ̀ǹpútà ti já sí 11, mo sì ti fẹ́ bú àwọn tó ṣe é pé géèmù wọn ti há. Mi ò mọ ohun tó mú mi ṣe é. Mo fi ìka òsì mi tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbọ́n. Bọ́tìnnì òkú.

Ọmọ náà wọ inú omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́.

Mi ò lè gbé ìka mi kúrò níbẹ̀. Tí mo bá gbé e, ó máa dúró. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ọmọ náà fi gun èbúté.

Ẹ wò ó, àwọn kan lórílẹ̀-èdè tí ẹsẹ̀ mi ò tíì tẹ̀ ti jókòó ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, wọ́n ti ro ohun tí ìka mi máa ṣe. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀tún ni mo máa kọ́kọ́ gbìyànjú. Wọ́n mọ̀ pé inú á bí mi. Wọ́n ti fi wákàtí mẹ́ta kọ́ ọwọ́ òsì mi pé ẹnì kan ń gbé níbẹ̀, kí n lè mọ̀ ọ́n nígbà tó bá kúrò. Ohun tí ọ̀ta ayò ń ṣe nìyẹn: á ti rí ibi tí ọwọ́ rẹ ń lọ kó o tó gbé e. Bí èèyàn bá ro ọwọ́ mi jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, mo lè sọ fún bàámi pé mo ti rí ẹni tí mò ń bá ta. Géèmù orí fóònù yẹn náà mọ ibi tí ọwọ́ mi ń lọ, ẹ má jẹ́ á tan ara wa. Àpò mi ló ń lọ.

Mo pa kọ̀ǹpútà dé. Mo ń lọ sọ fún wọn.

## Lọ́dẹ̀dẹ̀

Mo ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ púpọ̀, mi ò kà á sí: kọ̀, kọ̀, kọ̀, kọ̀. Mo rò pé wọ́n ń ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà ni.

Bàbá Káfíńtà kú nínú oṣù Kẹjọ. Mi ò tíì sọ ìyẹn. A sin wọ́n lọ́jọ́ kan náà, bàámi ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, lọ́jọ́ kẹta wọ́n gbé ọpọ́n ayò kúrò lábẹ́ igi máńgòrò wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rò pé wọ́n gbé e pamọ́ ni. Àwọn èèyàn wá ní kí wọ́n jẹ́ káwọn jọ ta, wọ́n ní ẹ̀yìn ń dun àwọn.

Àtùpà sólà wà lórí ògiri. Bàámi jókòó ti ọpọ́n, àpótí ìjókòó Bàbá Káfíńtà wà ní òdìkejì, òfìfo. Ọwọ́ ọ̀tún wọn kó ọmọ ayò, ó pín in yípo: kọ̀, kọ̀, kọ̀. Kíá ni, bí wọ́n ṣe máa ń ta. Wọ́n dúró. Ọwọ́ òsì wá jáde lábẹ́ agbádá. Òun ò yára. Ó rìn lórí ilé mẹ́fà òdìkejì láìfọwọ́ kàn wọ́n, ó padà, ó dúró lórí ọ̀kan, ó fi ìka kan etí ilé náà lẹ́ẹ̀mejì.

Mo mọ ìka yẹn. Bàbá Káfíńtà ló máa ń kan etí ilé lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó kó ọmọ. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n ṣe ń kan pákó wò nìyẹn kí wọ́n tó fi ayùn sí i.

“Bàámi. Ta lẹ̀ ń bá ta?”

Wọn ò gbójú sókè. “Káfíńtà.”

“Ta ló ń pa?”

“Òun ni.” Ọwọ́ òsì kó ọmọ mẹ́rin, ó pín wọn, èyí tó kẹ́yìn bọ́ sí ilé kan tó ní méjì, ó sọ ọ́ di mẹ́ta, ó kó o jẹ. “Wò ó. Ó ti pa mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti àná.”

Ó wá yé mi pé ìbéèrè tí wọ́n bi mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ara wọn ni wọ́n ń bi. Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo sọ ọ́ fún ní mò ń sọ ọ́ di ìwé ìtàn, pé bàbá arúgbó kàn ń fi ọwọ́ méjì ta ayò ni. Bóyá. Àmọ́ kò rí ìka yẹn.

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ Sweden fún wọn mọ́. Mo na ọwọ́ sí àpótí Bàbá Káfíńtà láti jókòó.

“Fìyẹn sílẹ̀,” ni wọ́n wí. “Lọ gbé tìẹ wá.”

Mo gbé àga oníke láti pálọ̀. Wọ́n da ọmọ ayò pọ̀, wọ́n tún wọn pín, mẹ́rin mẹ́rin. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi pa mí. Wọ́n wo ọpọ́n, wọ́n wò mí, wọ́n sì pariwo sí títì níbi tí kò ti sẹ́nì kan, “Òpè! Ẹ wá wo òpè o!” Ajá ẹnì kan gbó padà.

Ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ ti yí padà, ẹ lè bú mi bẹ́ ẹ ṣe ń bú mi. Brothers bọ́ sí ipò kìíní pẹ̀lú wákàtí mẹ́ta péré. Ọmọ télọ̀ àti FIFA rẹ̀ gba ìkejì. Stardew di ìkẹta, ó ń dùn mí, torí mo ní ọtí wáìnì tí mo ń pọn lọ́wọ́ nínú ẹ̀. God of War, ìkẹrin. Tetris ò kúrò níbi tó wà. Ìkẹfà, ẹ mọ̀ ọ́n.

Lálaalẹ́ la ń ta á báyìí, lẹ́yìn ìṣáì. Ìgbà 27 ni bàámi ti pa mí. Mo pa wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀yẹ́ ń fẹ́ wọlé, wọ́n fi ìbora bo ẹsẹ̀. Wọ́n ní oorun ló ń kun àwọn. Wọ́n ní kí n má lọ kọ ọ́ síbì kankan.